Àwọ̀ Márùn-ún Lórí Ìwé Kan

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù ní Brandon,
oòrùn ti di ẹrù rẹ̀, ó ti relé.
Yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé yàrá ìkàwé
bí ẹni ń jọ èlùbọ́ láìwo ibi tó ń dà á sí.
Mo to ìwé tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà tú sílẹ̀,
mo gbá èérún bisikíìtì lábẹ́ tábìlì,
mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mi:
oríkì ìyá mi àgbà, pẹ̀lú ọdún tí mo dé ìlú yìí.
Ẹ má sọ fún ẹnìkan.

Ìwé kan ṣí. Funfun ni, bí ìta.
Àwa márùn-ún la ni ín, a ò sì gbé ìlú kan náà.
Àmì pupa tó ń ṣẹ́jú nì, Philippa Beardy ni,
ní Norway House, níbi tí odò ti dì tí ọkọ̀ ń gorí rẹ̀ kọjá.
Àwọ̀ ewé, Ọ̀gbẹ́ni Desrosiers,
ọwọ́ rẹ̀ yá, àṣìkọ rẹ̀ pọ̀ bí èèrà.
Àwọ̀ ọsàn, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ní Dauphin,
tó máa ń bèèrè ohun tí ojú ń ti àwa àgbà láti bèèrè.
Èmi ni aláwọ̀ aró. N kò yàn án, ẹ̀rọ ló fún mi,
síbẹ̀ ó yẹ ọmọ Òṣogbo.

Àwọ̀ àlùkò ni ti Gudrun, ní Gimli.
Òun ló fi hàn wá bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé
láti bi àwòrán léèrè: ta ló yà ọ́?
Ta ni yóò jèrè bí mo bá gbà ọ́ gbọ́?
Ogún ọdún ni mo ti wà láàrin ìwé,
n kò mọ̀ pé àwòrán ń jẹ́jọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì la so àwọn ọmọ wa pọ̀,
méjìlá lọ́dọ̀ mi, mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ Philippa,
ìtàn kan ṣoṣo, ajá tó sọnù sínú ìjì.
Ni Keegan tèmi bá pa gbólóhùn Waylon rẹ́,
èyí tí ọmọ náà fi èdè Cree kọ.
"N kò lè kà á," ló wí.
Lójú fídíò, mo rí Waylon tó kọjú sí ògiri.

N kò bú Keegan. Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé náà hàn án,
níbi tí ẹ̀rọ ti ń tọ́jú gbogbo ohun tí a pa rẹ́,
pẹ̀lú wákàtí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó pa á.
Ó rí orúkọ ara rẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n.
Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́:
níhìn-ín, a tẹ bọ́tìnnì kan,
ẹyin ṣa èèpo rẹ̀ jọ, ó padà di odidi.
Ṣùgbọ́n ọmọ tó kọjú sí ògiri ńkọ́?
Bọ́tìnnì wo la ó tẹ̀?

Keegan fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sísàlẹ̀: báwo lẹ ṣe ń pè é?
Ó pẹ́. Philippa kò dá sí i. Èmi náà panu mọ́.
Nígbà tó yá, Waylon yíjú padà, ó pè é,
kíákíá lẹ́ẹ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.
Ọmọ méjìlá ṣì í pè níhìn-ín.
Ẹ̀rín sọ lọ́hùn-ún.

Gudrun ni mo fẹ́ ròyìn fún lálẹ́ yìí.
Láti oṣù kẹsàn-án ni àmì rẹ̀ ò ti ṣẹ́jú mọ́.
Kò kú o. Wọ́n ní owó kò tó,
wọ́n kó ìwé rẹ̀ sínú páálí, wọ́n ti ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ mọ́ ọn;
ó ń bá ọmọ rẹ̀ ta ẹja báyìí.
Ìwé yìí kò gbọ́. Ìlà aláwọ̀ àlùkò ṣì dúró síbẹ̀.
Mo kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé yóò kà á:
Gudrun, ọmọ kan bèèrè.

Mo fẹ́ pa iná.
Àmì ọsàn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó ń ṣẹ́jú:
Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Gudrun?

Mo bọ́ kóòtù mi padà.